Obìnrin Èyíkéyìí: Ẹjọ́ Celia ní Missouri, 1855

Kí a tó sọ̀rọ̀, a júbà: ìbà àwọn tó ti lọ, ìbà àwọn àgbà tó kù nílẹ̀, ìbà ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Èdè tí a fi ń kọ̀wé yìí kì í ṣe èdè tí ìyá wa fi rẹ̀ wá lẹ́kún. A ti dàgbà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, láti inú ìwé àti lẹ́nu àwọn tó ní sùúrù fún wa. Ibi tí ẹ bá ti rí àṣìṣe, ẹ bá wa tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ nídìí ojúbọ eégún nínú ilé wa, níhìn-ín ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. A ń ka orúkọ àwọn òkú wa bí a ti máa ń ṣe, kálukú ń dárúkọ ti ilé bàbá rẹ̀ àti ti ilé ìyá rẹ̀. Nígbà tó kan ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọmọbìnrin tí a kò tíì dó òṣù fún, ó ka àwọn tirẹ̀ tán, ó wá fi kún un pé, "Ìbà Celia." Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ẹ̀gbọ́n kan nínú ilé pè é.

"Àbúrò, Celia wo nìyẹn? Ṣé ẹbí rẹ ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹrú ni, ní Missouri, láyé àtijọ́. Ó pa olówó rẹ̀, wọ́n sì yẹgi fún un."

"Ẹni tó pa èèyàn, tí okùn sì pa òun náà, òun lo fẹ́ ká máa pè sójúbọ?"

Ọ̀rọ̀ di awuyewuye. Àwọn kan ní a kì í pe ẹni tó kú irú ikú bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní akọni obìnrin ni, pé Ògún ló gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ó dá òun lójú pé ọmọ Yorùbá ni. Gbogbo wọn wá yíjú sí wa pé kí a dá a. Àwa kò sì mọ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún wa láyè. Ìwé ẹjọ́ náà kò sọnù. Ó ṣì wà títí di òní. Onítàn Melton McLaurin sì ti kọ odidi ìwé kan lórí rẹ̀ ní 1991. A jókòó tì wọ́n, a sì kọ ohun tí a rí sílẹ̀ kí ẹ̀yin náà lè bá wa gbọ́ ẹjọ́ náà.

Ilé Newsom

Callaway County wà ní àárín ìpínlẹ̀ Missouri, ní apá àríwá odò ńlá tí wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ náà lórúkọ. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni. Púpọ̀ nínú àwọn aláwọ̀ funfun tó tẹ ibẹ̀ dó, láti Virginia àti Kentucky ni wọ́n ti wá, wọ́n sì kó ẹrú wọn dání. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá láti Virginia ni Robert Newsom. Nígbà tó fi máa di 1850, ó ti ní ilẹ̀ tó tó 800 éékà, ó ní ẹran ọ̀sìn, ó sì ní ẹrú ọkùnrin márùn-ún. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀ ńlá bíi ti àwọn olóko òwú ní ìsàlẹ̀ gúúsù tí ẹrú wọn lé ní ọgọ́rùn-ún. Àgbẹ̀ tó rọ́wọ́ họrí ni, tí àwọn aládùúgbò ń bọ̀wọ̀ fún. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a máa ń rò pé inú ilé àwọn olówó ńlá nìkan ni ìkà oko ẹrú ti ṣẹlẹ̀. Bí ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹni ni Newsom rí.

Ìyàwó rẹ̀ kú ní 1849. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀: Virginia, tó ti lọ sílé ọkọ rí tó sì ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà wá sílé bàbá, àti Mary àbúrò rẹ̀. Ní 1850 Newsom lọ sí Audrain County tó múlé ti Callaway, ó sì ra ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún 14. Celia ni orúkọ rẹ̀. Ìwé kóòtù kò kọ orúkọ ìyá rẹ̀, kò kọ ti bàbá rẹ̀, kò sì fún un ní orúkọ ìdílé kankan. Kí wọ́n tó délé lọ́jọ́ náà, Newsom ti fi ipá bá a lò pọ̀ lójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ ìdáná ni wọ́n ní ó wá ṣe. Ṣùgbọ́n Newsom fún un ní ilé kékeré tirẹ̀ lẹ́yìn ilé ńlá, tó ní ààrò ńlá nínú, tó sì dára ju ibi tí ẹrú máa ń sùn lọ. Ẹni tó bá ń kọjá lè rò pé ojúrere ni. Pańpẹ́ ni. Ọdún márùn-ún ni bàbá yìí fi ń rìnrìn òru lọ síbẹ̀. Celia bímọ méjì nínú ilé náà.

Kí ni òfin sọ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ní 1662, àwọn aṣòfin Virginia ṣòfin pé ipò ìyá ni ọmọ yóò jogún: bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú ni ọmọ, ẹni yòówù kí bàbá rẹ̀ jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti wá, ti bàbá ni ọmọ ń tẹ̀lé. Wọ́n yí àṣà ara wọn padà nítorí owó. Irú òfin yìí tàn dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú ní Amẹ́ríkà. Nítorí pé Celia jẹ́ dúdú, wọ́n lè tà á. Nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, gbogbo ọmọ tó bá bí di owó fún ẹni tó rà á, bí ẹni náà tilẹ̀ ni bàbá ọmọ. A kò lè yọ ọ̀kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ àwọ̀, ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ obìnrin, kí ìtàn yìí ṣì yé wa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1855, Celia àti George, ọ̀kan nínú àwọn ẹrú ọkùnrin Newsom, ti ń fẹ́ra wọn. Celia tún lóyún, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá ti George ni tàbí ti olówó wọn. George wá sọ fún un pé bí kò bá jáwọ́ lọ́rọ̀ bàbá yẹn, òun kò ní bá a ṣe mọ́. George mọ̀ pé kì í ṣe Celia ló ń pe Newsom wá. Ṣùgbọ́n kò lè lọ kò ó lójú; ikú nìyẹn. Ẹrù tí òun fúnra rẹ̀ kò lè gbé, ó gbé e ru ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó tirẹ̀.

Ara Celia kò yá nínú oyún náà. Ó lọ bẹ àwọn ọmọbìnrin Newsom pé kí wọ́n bá òun sọ fún bàbá wọn kó fi òun sílẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà. A ti ronú gan-an lórí àwọn ọmọbìnrin méjì yìí. Celia rò pé bí obìnrin bá bá obìnrin sọ̀rọ̀, yóò yé e. Ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé bàbá wọn ni wọ́n ń gbé, oúnjẹ bàbá wọn ni àwọn ọmọ Virginia ń jẹ. Àwọ̀ funfun gbé wọn ga ju Celia lọ fíìfíì, síbẹ̀ kò gbé wọn ga débi tí ọ̀rọ̀ wọn yóò fi dá bàbá wọn dúró. Ohun tí wọ́n ní láti pàdánù pọ̀, Celia kò sì já mọ́ ẹni tí wọ́n lè torí rẹ̀ pàdánù ohunkóhun.

Níkẹyìn ó bá Newsom fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní ara òun kò yá, kó fi òun sílẹ̀, pé bó bá wá, òun yóò ṣe é léṣe. Newsom dá a lóhùn pé òun ń bọ̀ lálẹ́.

Òru ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà

Ọjọ́ Sátidé ni. Nígbà tí ilé sùn, Newsom wá bó ti wí. Celia ti gbé igi kan sí igun ilé. Bí bàbá náà ti dúró tì í, ó fi igi náà lù ú lórí. Newsom wó lulẹ̀, ó na ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ gbá a mú, Celia tún lù ú, ó sì kú. Ohun tó sọ fún wọn lẹ́yìn náà ni pé òun fẹ́ ṣe é léṣe kó lè fi òun sílẹ̀ ni, pé òun kò ní i lọ́kàn láti pa á.

Ẹ̀rù bà á, ó sì mọ̀ pé wọn yóò pa òun. Ó gbé òkú náà sínú ààrò, ó dáná sun ún mọ́jú. Ó fi òkúta fọ́ àwọn egungun, ó kó àwọn tí kò fọ́ pamọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe ọmọ Virginia, ọmọkùnrin kékeré, ó ní kó bá òun kó eérú dànù, òun yóò fún un ní èso walnut. Ọmọ náà kó eérú bàbá àgbà rẹ̀ dànù láìmọ̀. Ìtàn yìí le láti gbọ́. A kò ní fọ̀ ọ́ mọ́ nítorí pé a káàánú obìnrin náà. Bó ti rí ni kí a sọ ọ́.

Wọ́n wá Newsom títí. Aládùúgbò kan, William Powell, bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ẹrú. George ló kọ́kọ́ bi. George ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá a lọ jìnnà sílé, ó sì na ìka sí ọ̀nà ilé Celia. Ẹni tó gbé ẹrù ru obìnrin yìí ni ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ tú u fó. A kò ní bú George ju bó ti yẹ lọ: ẹrú tí aláwọ̀ funfun dúró tì pẹ̀lú ìbéèrè ikú, ọrùn tirẹ̀ ló ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n àwa ọkùnrin inú ilé òrìṣà tí a máa ń sọ pé a wà lẹ́yìn àwọn obìnrin wa, ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ George.

Celia kọ́kọ́ sẹ́. Powell wá fi àwọn ọmọ rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn, pé wọn yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ló jẹ́wọ́. Wọ́n tú ilé náà yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀, wọ́n rí egungun àti bọ́tìnì nínú eérú.

Ní kóòtù

Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Fulton, olú-ìlú Callaway County. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá, 1855. Ọkàn àwọn ará Missouri kò balẹ̀ lọ́dún náà. Ní 1854 ìjọba àpapọ̀ ti ṣòfin pé àwọn tó ń gbé Kansas ni yóò dìbò yàn bóyá ẹrú yóò wà níbẹ̀ tàbí kò ní sí, àwọn ará Missouri sì ń fi ìbọn kọjá ààlà lọ dìbò tí kì í ṣe tiwọn. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹrúbìnrin tó pa olówó rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ abúlé kan mọ́.

Adájọ́ William Augustus Hall yan agbẹjọ́rò mẹ́ta fún Celia. Olórí wọn ni John Jameson, ẹni tó ti ṣe aṣòfin ní Washington fún sáà mẹ́ta, tí òun náà sì ní ẹrú. Ẹni tó bá mọ bí ayé ti rí nígbà náà yóò rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi í ṣe àṣehàn ni. Ṣùgbọ́n Jameson àti àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò méjì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ wọn tọkàntọkàn.

Ọkùnrin aláwọ̀ funfun 12 ni júrì. Òfin kò gbà kí ẹrú jẹ́rìí tako aláwọ̀ funfun, nítorí náà Celia kò la ẹnu rẹ̀ ní kóòtù. Ẹnu àwọn ọkùnrin tó bi í léèrè nínú ẹ̀wọ̀n ni a ti gbọ́ ohun tó sọ. Òwe tí a pa lẹ́ẹ̀kan ṣẹ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí ní Celia sọ fún òun pé Newsom ti ń bá òun lò pọ̀. Òmíràn sọ pé ìdí tó fi lù ú lẹ́ẹ̀kejì ni pé ó na ọwọ́ láti gbá a mú. Adájọ́ ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kejì yìí rẹ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀.

Ibi tí ẹjọ́ náà dá lé nìyí. Nínú ìwé òfin Missouri ti 1845, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí ẹnikẹ́ni fi ipá tàbí ìhàlẹ̀ mú obìnrin èyíkéyìí láti bà á jẹ́. Òfin náà tún gbà pé ẹni tó bá pààyàn níbi tó ti ń gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ irú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi ìpànìyàn. Jameson ní kí adájọ́ sọ fún júrì pé "obìnrin èyíkéyìí" tí òfin wí, Celia wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Bí adájọ́ bá gbà á, Celia lè yè.

Nígbà tí a kọ́kọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjì yìí sí Yorùbá, "obìnrin kóbìnrin" ni a kọ. A fi han ìyá àgbà kan, ọmọ Ọ̀ṣogbo, tó ń kọ́ wa lédè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Obìnrin kóbìnrin, obìnrin tí kò níláárí nìyẹn. Obìnrin èyíkéyìí ni kó o kọ." A tún un ṣe. Ṣùgbọ́n àṣìṣe náà kò kúrò lọ́kàn wa, nítorí àṣìṣe tí àwa ṣe láìmọ̀ ni kóòtù náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Òfin kọ obìnrin èyíkéyìí. Wọ́n wo Celia, wọ́n kà á sí obìnrin kóbìnrin.

Adájọ́ Hall kọ̀. Ohun tó sọ fún júrì ni pé bí Newsom bá tilẹ̀ ní àṣà láti máa bá ẹrú rẹ̀ lò pọ̀, bó bá sì jẹ́ pé ohun tó bá wá lóru ọjọ́ náà nìyẹn, bí Celia bá fi igi lù ú pa níbi tó dúró sí, ìpànìyàn gidi ni. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: adájọ́ kò sọ pé irọ́ ni Celia pa. Ó ní bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, kò já mọ́ nǹkan kan.

Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀? Bí adájọ́ bá ní obìnrin èyíkéyìí ni ẹrúbìnrin, a jẹ́ pé gbogbo olóko tó ń rìnrìn òru káàkiri Missouri lè dé iwájú adájọ́, ẹrúbìnrin kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀tọ́ láti gbá a padà. Òfin 1662 tó sọ ọmọ inú wọn di owó yóò di òfo. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1859, ilé ẹjọ́ gíga Mississippi tú ẹrúkùnrin kan tí òun náà ń jẹ́ George sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn pé ó fi ipá bá ọmọbìnrin ẹrú kan tí kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá lò pọ̀. Wọ́n ní òfin ìpínlẹ̀ náà kò mọ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣe é sí bá jẹ́ ẹrú. Kì í ṣe Adájọ́ Hall nìkan ni. Bí ilé náà ti dúró nìyẹn, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, júrì ní Celia jẹ̀bi. Adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún un ní ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá. Ó bí ọmọ tó wà nínú rẹ̀ sínú ẹ̀wọ̀n. Òkú ni ọmọ náà. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Missouri. Bí ọjọ́ náà ti ń sún mọ́, tí ìdáhùn kò dé, àwọn kan jí Celia gbé jáde kúrò nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n fi í pamọ́ títí ọjọ́ 16 fi kọjá, kí wọ́n tó dá a padà. A kò rí orúkọ wọn kà, ṣùgbọ́n nínú ìlú tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún un, àwọn kan wà tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ilé ẹjọ́ gíga kọ̀ láti dá ọwọ́ ikú náà dúró. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, 1855, wọ́n yẹgi fún Celia ní Fulton. Ó tó ọmọ ọdún 19. Títí dé òpin, ohun kan náà ló ń sọ: kò sí ẹni tó bá òun lọ́wọ́ sí i.

Kí ni kí a ṣe pẹ̀lú orúkọ rẹ̀?

A padà wá sọ́dọ̀ àwọn ará ilé wa, a sì dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ní ọmọ Yorùbá ni Celia, a sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀ dájú. Ní 1808 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun. Ogun tó tú Ọ̀yọ́ Ilé ká, tó sì kó àwọn èèyàn wa sínú ọkọ̀ rẹpẹtẹ, ẹ̀yìn ìgbà náà ló le jù, Kúbà àti Brazil ni wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn lọ. Kò yẹ kí a purọ́ ẹ̀jẹ̀ kí a tó lè bọ̀wọ̀ fún ẹni tó jìyà lórí ilẹ̀ tí a ń gbé.

Ẹni tó ní Ògún ló gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, a bẹ̀ ẹ́ kó rọra. Celia fúnra rẹ̀ ní òun kò fẹ́ pa á. Bí a bá sọ ọ́ di jagunjagun, a tún gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí kóòtù ti ṣe. Ọmọbìnrin aláboyún tí ara rẹ̀ kò yá ni, tó ti bẹ gbogbo ẹni tó yẹ kó bẹ̀.

Àwọn kan sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ló mọ irú ìkà yìí í hù. A rán wọn létí Efúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tó kú ní 1874. Nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ, lẹ́yìn tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú níbi ìrọbí, kò fẹ́ rí ẹrú rẹ̀ tó lóyún mọ́, ó sì fi ìyà ikú jẹ wọ́n. Àwọn onítàn mìíràn ní àwọn ọ̀tá rẹ̀ nínú òṣèlú ló mú kí ìtàn náà burú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jiyàn pé ó ní ẹrú rẹpẹtẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ níbẹ̀. Dúdú ni olówó, dúdú ni ẹrú, obìnrin sì ni àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, ọwọ́ olówó ni ikùn ẹrú wà. Ibi tí ẹnì kan bá ti ní ẹnì kejì ní ìní, ẹ má retí pé àwọ̀ tàbí jíjẹ́ obìnrin nìkan yóò gbà á là.

Ó wá ku ẹ̀gbọ́n wa tó ní a kì í pe ẹni tí okùn pa. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, a kò fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. A mọ̀ pé irú ikú bẹ́ẹ̀ wúwo. Ṣùgbọ́n ètùtù ni ikú burúkú ń béèrè lọ́wọ́ àwọn alààyè; kò béèrè pé kí a gbàgbé. Ìjọba Missouri pàápàá ti rántí. Ní oṣù Kejìlá 2024, Gómìnà Mike Parson fún Celia ní ìdáríjì lẹ́yìn ọdún 169. A dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣẹ̀ ni a ń dárí jì. Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún un ní 1855 ni pé obìnrin ni, òfin sì wà fún un. Àwa kò ní ìwé ìdáríjì láti fún un. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni a lè pè, kí a sì pè é láìsí irọ́ nínú.

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó wúwo fún wa láti kọ. Nínú ilé òrìṣà tiwa náà, ẹni ńlá wà, ọmọ kékeré wà. Ẹni tó ní owó láti ṣe ìdóṣù wà, ẹni tó ń fọ abọ́ fún ọdún púpọ̀ kó tó rí i ṣe wà. Ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, ní ilé kan tí a kò ní dárúkọ, ọmọbìnrin kan wá bá wa pé àgbà kan ń yọ òun lẹ́nu lóru. Ó rò pé a lè bá òun sọ ọ́. A wò ó pé àgbà náà ló kọ́ wa níṣẹ́, pé ilé yóò dàrú, pé bóyá ọmọ náà ṣì í gbọ́ ni. A sọ fún un pé kó ní sùúrù. Ó fi ilé náà sílẹ̀, ó fi òrìṣà sílẹ̀, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí a ka ibi tí Celia ti lọ bẹ àwọn ọmọbìnrin Newsom ni a mọ ipò tí àwa wà nínú ìtàn yìí. Kì í ṣe ipò Celia. Ipò Virginia àti Mary ni.

Nítorí náà, ìdájọ́ tí a mú padà fún ilé wa nìyí. A ó máa pe Celia. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ nídìí ojúbọ wa, àti àgbà àti ọmọdé, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ti gbà láti gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá bá a pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ tí Celia gbé lọ sí ilé ńlá. Kò ní sọ fún un pé kó ní sùúrù. Kò ní bi í pé ta ló rán an. Ẹ̀gbọ́n wa dákẹ́ títí, ó wá ní, "Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pè é." Òun ló sì kọ́kọ́ pè é lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa tó la ẹnu.

Ìbà Celia, tí wọ́n rà ní Audrain tí wọ́n sì pa ní Fulton. Ìbà ìyá tó bí i, tí ìwé kò dárúkọ rẹ̀. Kí àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ àti ìran wọn rójú, kí wọ́n ráyè. Kí etí wa má di sí ẹkún ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé wa. Kí a má ṣe ka obìnrin èyíkéyìí sí obìnrin kóbìnrin. Àṣẹ.